Wàláà Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ Ki Ọwọ́ Bọ Abẹ́ Òkìtì

 

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kaduna. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún mọ́kànlá, yóò ṣe wòlímọ̀ Àlùkùrááánì lẹ́yìn Iléyá, bàbá ọmọ náà sì ti ṣèlérí pé òun yóò fi tábúlẹ́ẹ̀tì ta á lọ́rẹ. Ẹ̀gbọ́n wọn tí ó wà ní ìlú Ọba ń bọ̀ wálé, ó sì ní òun lè bá wọn ra èyí tí Amazon ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Fire, nítorí pé kò wọ́n. Ìbéèrè ìyá náà ni pé: ṣé kí àwọn rà á, tàbí kí àwọn fi owó rẹ̀ kún owó àgbò? Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú gègé, nítorí ìdí kan tí n óò sọ níwájú.

Ọmọ kéwú ni gbogbo wa. Wàláà ni a fi bẹ̀rẹ̀, wàláà onígi tí a ń fi tàdáwà kọ, tí a sì ń fọ̀ nígbà tí a bá ti há ohun tí ó wà lára rẹ̀ sórí. Bí àwọn ọmọ mi bá ń pe nǹkan yìí ní tábúlẹ́ẹ̀tì, wàláà ni èmi ń pè é, ẹ má bínú sí mi. Ìyàtọ̀ ńlá kan ni ó wà láàárín méjèèjì: wàláà onígi kì í polówó ọjà fún ẹni tí ó ń kà á.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí kò fi wọ́n, nítorí àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ọdún 2011 ni Amazon mú èyí àkọ́kọ́ jáde ní dọ́là 199, nígbà tí iPad tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ń lọ ní dọ́là 499. Nígbà tí ó di ọdún 2015, wọ́n mú èyí tí ó jẹ́ ínṣì 7 jáde ní dọ́là 49.99. Jeff Bezos, tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ní ọdún 2012, ó sọ ní gbangba pé ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń lo ohun èlò àwọn ni àwọn fẹ́ jèrè, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá rà á. Inú fíìmù, ìwé, orin àti eré ni èrè náà wà. Ẹ wo ẹni tí ó ta ìkòkò fún yín ní owó pọ́ọ́kú, nítorí tí ó ti mọ̀ pé ìsọ̀ òun ni ẹ óò ti máa ra ata, epo àti iyọ̀. Kò rẹ́ yín jẹ, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ yín.

Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù ni Fire HD 8. Èyí tí ó jáde ní ọdún 2022 jẹ́ dọ́là 99.99 ní Amẹ́ríkà: ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, ààyè ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ GB 32, ó sì ní GB 2 tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fire HD 10 ti ọdún 2023, jẹ́ dọ́là 139.99. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye tí yóò jẹ́ ní náírà kí ó ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là ọjọ́ tí ó bá fẹ́ rà á, nítorí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, ìṣirò àná kò ran tòní lọ́wọ́ mọ́.

Dáadáa rẹ̀ pọ̀, mi ò ní fi ìkankan pamọ́. Àwọn tí ó ṣe é ní bátìrì rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 13, èyí sì jẹ́ ìdẹ̀ra fún àwa tí a ń gbé Kano níbí, tí iná ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. (Ṣùgbọ́n orí-iná kékeré tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀ lè lo nǹkan bíi wákàtí 5 kí HD 8 tó kún, bẹ́ẹ̀ ni iná wa kì í sábà dúró tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá orí-iná tí ó lágbára jù ú lọ.) Ó ní ihò tí a lè ki káàdì ìpamọ́ bọ̀, èyí tí kò sí lára ọ̀pọ̀ ohun èlò olówó gọbọi. Bí òǹkéwú kan bá ka Àlùkùrááánì tán láàárín ọgbọ̀n wákàtí, gbogbo ohùn rẹ̀ kò ju GB 2 lọ, nítorí náà, ènìyàn lè kó òǹkéwú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀ kí ààyè sì tún ṣẹ́ kù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni agbára tí ó fún òbí. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti íntánẹ́ẹ̀tì pa, kí ẹ ti ilé ìtajà pa, kí ẹ ti kámẹ́rà pa. Ẹ lè yan wákàtí tí yóò pa ojú dé fún ọmọ lálẹ́. Ẹ tilẹ̀ lè pàṣẹ pé kí ọmọ kọ́kọ́ kàwé fún ìṣẹ́jú tí ẹ bá yàn kí eré tó ṣí. Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ó tọ́ kí ọmọ Mùsùlùmí máa wo eré rárá. Ìdáhùn mi kò gùn: fàájì tí kò ní èèwọ̀ nínú, tí kò sì gba ìrun mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, kò burú. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà ni abẹ́ òkìtì. Ẹ rántí hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Huraira, nígbà tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí ìka rẹ̀ sì kan ibi tí ó tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànọ́bì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì yọ ẹni tí ń tan ènìyàn jẹ kúrò lára ẹni tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí ọkùnrin náà má ta oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí ó tutù ní iye tirẹ̀, bí a bá ti mọ̀ pé ó tutù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kó èyí tí ó tutù sókè. Èkíní, kò sí Google Play lórí rẹ̀. Ilé ìtajà Amazon ni ẹ óò ti máa mú nǹkan, ohun tí ó sì wà níbẹ̀ kéré sí ohun tí ẹ mọ̀ lórí fóònù yín. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kó Google wọ inú rẹ̀; ó máa ń ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá dojú rú, kò sí ẹni tí ẹ óò ké sí. Amazon kò sì dá ọjà tirẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà, bí ó ti ṣe fún Íjíbítì ní ọdún 2021 àti South Africa ní ọdún 2024. Ìlérí pé wọn yóò pààrọ̀ tàwọn ọmọdé fún ọdún méjì bí ó bá fọ́ dára púpọ̀ fún ẹni tí ń gbé London. Fún ẹni tí ń gbé Kaduna, ìrìn àjò ni.

Ìpolówó ọjà máa ń yọ lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá wà ní títì. Dọ́là 15 ni wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà láti mú un kúrò. Ẹ san án. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣí Súrátù Yáásíìn kò nílò láti kọ́kọ́ kọjá níwájú àwòrán ìwé ìfẹ́.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Fún fíìmù, HD 8 tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú ewé Àlùkùrááánì onílà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí rẹ̀, kí ẹ wo àwọn àmì kéékèèké tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ojú rẹ̀ kò mọ́ tó fún wọn, ọmọ tí kò tíì gbó nínú kíkà lè fi àmì kan pe òmíràn. HD 10, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì mọ́ jù ú lọ, ni ó yẹ fún kíkà.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ gábàsì. Abẹ́rẹ́ tí ń tọ́ka sí Kíbúlà lórí fóònù ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ohun kan wà nínú fóònù tí ń mọ agbára òòfà ilẹ̀ ayé. Kò sí ohun náà nínú HD 8 tàbí HD 10. Ẹ lè rí aago ìrun lórí rẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ti kọ orúkọ ìlú yín sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kírun. Láti Kano àti Kaduna, ìlà-oòrùn tí ó yà díẹ̀ sí àríwá ni Mẹ́kà wà, míhírábù mọ́sáláásí àdúgbò yín sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Mo ní ìdí kan wà tí mo fi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, ṣe tàfúsíìrì ní ààwẹ̀ ọdún 1998, alẹ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2019, mo san owó kí wọ́n bá mi gbé ohùn wọn sórí káàdì tí mo rà pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì kan lọ́jà. GB 512 ni wọ́n kọ sára káàdì náà, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè wá ni ó ṣe ìkankan nínú wọn. Nígbà tí a ń kó kúrò nílé àtijọ́, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n da àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà nù, pé wọ́n ń gba ààyè.

Káàdì náà kò tó GB 8 ní tòótọ́. Bí a ṣe ṣe irú rẹ̀ ni pé ó máa ń purọ́ iye ara rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí ó bá kún, kì í sọ pé òun ti kún, ńṣe ni yóò máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Bí àwọn ọmọ ti ń kó fíìmù alákàrà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn bàbá mi ń parẹ́. Orúkọ gbogbo alẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ bí a bá wò ó, alẹ́ 1 dé alẹ́ 29. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ní ààwẹ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mọ́kànlá ni ó sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa ní Kaduna, ìdáhùn mi rèé. Owó àgbò kí ó dúró ní ààyè rẹ̀. Bí bàbá ọmọ bá ní agbára lẹ́yìn ìyẹn, tí ó sì jẹ́ pé kíkà ni ẹ fẹ́ kí ọmọ máa fi ṣe, ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ra HD 10, kí ó san owó tí yóò mú ìpolówó kúrò, kí ó sì kó Àlùkùrááánì sínú rẹ̀ kí ó tó wọ bàálù. Bí ó bá jẹ́ fún gbígbọ́ àti eré nìkan, HD 8 tó. Ẹ fi ti ínṣì 7 sílẹ̀. Kò ní ojú káàdì SIM, nítorí náà fóònù yín ni yóò ti máa mu íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa mọ ìgbà tí ẹ óò ṣí i àti ìgbà tí ẹ óò pa á.

Káàdì ìpamọ́, ẹ má ṣe rà á kí ẹ tó dán an wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà fi H2testw yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fẹ́ ni. Yóò kún un dé ẹnu, yóò sì kà á padà. Bí ọlọ́jà bá kọ̀, ẹ dá káàdì rẹ̀ padà fún un.

Alẹ́ mọ́kànlá tí ó kù náà ti wà ní ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ báyìí. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìlọrin.