Ọ̀rọ̀ Ayé Kì í Ṣe Àkọ́sórí

Nígbàkigbà tí ìjọba bá kéde pé àyè ṣí sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọba, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Àbújá, ogunlọ́gọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n máa ń gbé kálámù. Àwọn ọmọ Ìbàràpá kì í gbẹ́yìn nínú wọn. Láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Láńlátẹ̀, láti Politẹ́kíníìkì Èrúwà, àti láti ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Igbó-Ọrà ni wọ́n ti ń jáde wá, ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, ìrètí lọ́kàn. Ìdánwò a sì bi wọ́n pé: kí ni ń ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ní orílẹ̀-èdè yín àti ní gbogbo ayé?

Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn fi ń múra sílẹ̀ ni ó dùn wá. Wọn a ra ìwé pẹlẹbẹ kan, wọn a sì máa kọ́ orúkọ gómìnà, mínísítà àti olú-ìlú sórí bí ayékòótọ́. Bí ìdánwò bá ti parí, ohun gbogbo a fò lọ. A kò sọ pé orúkọ àti ọdún kò wúlò. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni a pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, pé ọjọ́ 3 oṣù Kejì 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àti pé Ọ̀ṣun yọ lára rẹ̀ ní 1991. Ṣùgbọ́n egungun lásán ni ọdún àti orúkọ. Ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ó kàn ni ẹran ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ Ìbàràpá fúnra rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú méje ni: Igbó-Ọrà, Èrúwà, Láńlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgangan. Láàárín ìlú méje yìí nìkan, ènìyàn lè kọ́ ọ̀rọ̀ ẹkùn, ti orílẹ̀-èdè àti ti àgbáyé.

Ẹ kọ́kọ́ wo Ìgangan. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, aáwọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran níbẹ̀ di ohun tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn wọ ìlú náà lóru, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n dáná sun ilé, wọn kò sì dá ààfin ọba sí. Ẹni tí ó kọ́ ọjọ́ náà sórí nìkan kò tíì mọ nǹkan. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe òfin lórí dída ẹran jẹko ní gbangba ní 2019. Pé Ìwé Òfin 1999 fi àṣẹ ọlọ́pàá sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó wà nínú ìdí tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá fi dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìn-ín-ní 2020. Ó yẹ kí ó tún mọ̀ pé àjọ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1975, ṣe ìlànà kan ní 1998 tí ó gba darandaran láàyè láti da ẹran kọjá ààlà bí ó bá ní ìwé àṣẹ. Mali, Burkina Faso àti Niger sì ti fi àjọ náà sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2025. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ti dé orí tábìlì àwọn olórí orílẹ̀-èdè? A kò sọ èyí láti dá ẹ̀yà kan lẹ́bi. Òfin tí a kò mọ̀ kò lè dáàbò bo àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dáàbò bo darandaran tí kò ṣẹ̀.

Ní ti orílẹ̀-èdè, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni Ìbàràpá ní nínú 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, olú-ìlú wọn sì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Ayétẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ́ẹ́ rọ́pò àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìwòsàn kékeré àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú ohun tí ìdájọ́ yìí kàn. Akọ̀wé tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wí pé, “Ọ̀gá, òfin kò gbà á.”

Ní ti àgbáyé, ẹ wo Ìdèrè. Àwọn àgbà wí pé kí sòbìà tó degbò, olúgàńbe ni à á ké sí. Sòbìà da Ìdèrè láàmú títí. Ẹni tí ó bá mú kì í lè lọ sí oko. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn lọ bá àwọn ará ìlú náà, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ lórí omi ọ̀gọ̀dọ̀ àti aṣọ asẹ́, nítorí àrùn náà kò ní oògùn tí ń pa á, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí a ka àwọn tí ó mú ní gbogbo Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Jimmy Carter ti Amẹ́ríkà dá sí i, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà rin ìlú dé ìlú. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ààrẹ àti ọ̀gágun gba ìyìn, ó sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń ka aláìsàn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìparọ́, ni wọ́n ṣẹ́gun.

Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò ń wá. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ó wà. Ẹ gbé ìwé ìròhìn àti àwòrán ilẹ̀ lé orí tábìlì kan náà. Lórí ìròhìn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́ ọmọ láti bi ara rẹ̀ pé: òfin ta ni? owó ta ni? ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? ta ni ó kàn ní ìlú mi? Ẹni tí ó bá wí pé Igbó-Ọrà ni ìlú ìbejì kò parọ́. Ẹ mú un tẹ̀ síwájú, kí ó mọ̀ pé láti 1963 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń wá gbé ibẹ̀ láti kọ́ ìtọ́jú ará oko.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Nígbà tí Northcote àti Trevelyan dábàá ìdánwò gbangba fún iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1854, nítorí pé ojú àánú àti mọ̀lẹ́bí ni a fi ń pín iṣẹ́ náà ni. Bí ẹ bá fi lẹ́tà olóyè ẹgbẹ́ rọ́pò ìdánwò, ọmọ àgbẹ̀ Tápà tí ó mọ̀wé ni ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́, ọmọ náà sì lè jẹ́ ti ẹni tí ó dìbò fún yín. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀, kí ìmọ̀ rẹ̀ sì sọ ipò tí ó tọ́ sí i.