Ìdí tí a fi dá àìsùn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ dúró

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ò ní máa ṣe àìsùn ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì mọ́, fóònù wa ò sinmi. Àwọn kan ń dúpẹ́. Àwọn kan ní iná ti kú lórí pẹpẹ. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ, tí a bọ̀wọ̀ fún gan-an, pè wá láago mẹ́fà ìdájí, wọ́n ní, "Pásítọ̀, àbí ó ti rẹ̀ yín ni?" A dá wọn lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, ó ti rẹ̀ wá." Wọ́n dákẹ́. Àwa náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jẹ́ ká jókòó kọ èyí, torí ó jọ pé wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Ọjọ́ Ìsinmi ni àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá ń pe ọjọ́ tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi òṣìṣẹ́ inú ìjọ bóyá ó máa ń sinmi lọ́jọ́ náà! Arábìnrin wa kan tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ti ń jí. Á wẹ ọmọ mẹ́ta, á se ìrẹsì tí wọ́n máa jẹ bí wọ́n bá dé, á lọ aṣọ, nígbà tó bá sì fi máa di aago méje, ó ti gbọ́dọ̀ wà níbi àdúrà àwọn òṣìṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ló máa kúrò. Bí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé bá tún fẹ́ẹ́ mọ́, ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì, torí Mowe ló ń gbé, Victoria Island ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ ohun tí à ń sọ. Kí tírélà kan ṣáà ti dákú lẹ́bàá Kara lásán, aago mẹ́wàá alẹ́ lèèyàn ń wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa méjèèjì, Pásítọ̀ àti Màmá yín, mú ìwé àti bírò. A ní ká ṣírò iye wákàtí tí ìjọ wa ń gbà lọ́wọ́ akọrin kan ṣoṣo láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ Ìsinmi, wákàtí 7. Ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 2. Ìpàdé inú ilé lọ́jọ́rú, 2. Ìdánrawò orin lọ́jọ́bọ̀, 2. Àìsùn, láti aago 11 títí di aago 4, wákàtí 5. Ìjáde ìwàásù àti títún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, 3. Ó di wákàtí 21. A ò tíì ka ìrìn, a ò sì tíì ka owó ọkọ̀, èyí tó fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023.

Màmá yín wo ìwé yẹn títí, wọ́n wá béèrè pé: "Ibo ni wọ́n ti ń rí i yọ?" Ìbéèrè tó gbá wa létí nìyẹn. Wọn kì í yọ ọ́ lára iṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀gá ò ní gbà. Ara oorun ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ara ọmọ, ara ọkọ, ara ìyàwó, ara ìyá tó wà lábúlé tí wọn ò tíì rí láti ọdún tó kọjá. Àwa la wá ń gba ohun tí wọ́n yọ, à ń pè é ní ìfara-ẹni-rúbọ. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó fẹ́ fi nǹkan kan rúbọ.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ìjọ wa. Láìpẹ́ yìí ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wá, ó ní òun fẹ́ wo àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Ó ṣàlàyé pé bí nọ́ńbà yẹn bá ń tó 140 lórí 90 lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé nìyẹn. Àwọn kan wà tí tiwọn kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa tí wọn ò sì mọ̀ rárá, torí àìsàn yẹn kì í sábà dunni kó tó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ti Pásítọ̀ yín jẹ́ 160 lórí 100. Ẹ má pariwo. A ti padà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sìbítù, a ti ń lo oògùn, a sì ń gbàdúrà, a ò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Lúùkù tó ń bá Pọ́ọ̀lù rìn, ṣé kì í ṣe oníṣègùn ni?

Àmọ́ ká sòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló dùn wá jù. Níléèwé ọmọ wa, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì. Ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ nọ́ńbà ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. A bi í pé kí ló dé. Kò bínú o, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà. Ó ní, "Dádì, tiyín kì í wọlé." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn, a máa ń pa fóònù. Bí a bá wà nípàdé, a máa ń pa á. À ń pa á kí a lè gbọ́ ìṣòro ilé onílé dáadáa. Ìyá oníbúrẹ́dì kì í pa tiẹ̀.

A ò lè sùn lóru ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe àìsùn àdúrà. Orí kìíní ìwé Orin Sólómọ́nì, ẹsẹ 6, ló ń yí lọ́kàn wa, níbi tí obìnrin yẹn ti ń sọ pé wọ́n fi òun ṣọ́ ọgbà àjàrà, àmọ́ òun ò rí tòun tọ́jú. A tún rántí Élì. Ẹ lọ ka ìwé Sámúẹ́lì Kìíní dáadáa: Ọlọ́run ò bá Élì wí pé kò ṣílẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì lásìkò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ló bá a sọ. Pọ́ọ̀lù náà sọ fún Tímótì, orí 3 ẹsẹ 5, pé ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣàkóso ilé ara rẹ̀, báwo ló ṣe máa tọ́jú ìjọ? Àwọn àgbà wa pàápàá mọ̀ ọ́n: ẹni tó ní òun ó dáṣọ fúnni, tọrùn rẹ̀ là á wò.

Ẹnì kan kọ̀wé sí wa lórí WhatsApp pé, "Pásítọ̀, ọ̀tá ò sùn o." A gbà. Àmọ́ Olùṣọ́ Ísírẹ́lì náà kì í sùn, ó wà nínú Orin Dáfídì 121, Òun ló sì ni iṣẹ́ ìṣọ́ yẹn. Bí Ó bá ti wà lójúfò, kí la fẹ́ fi oorun tiwa ràn Án lọ́wọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀?

Ẹlòmíì ní Jésù gbàdúrà mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni, Lúùkù 6 ẹsẹ 12, kó tó yan àwọn àpọ́sítélì méjìlá. Ìdí nìyẹn tí a ò fi pa àìsùn rẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló kù. Àmọ́ Jésù kan náà yìí ló sùn lórí ìrọ̀rí nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ìjì ń jà. Òun náà ló sọ fáwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Máàkù orí 6 pé kí wọ́n wá síbi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀, torí èrò pọ̀ débi pé wọn ò ráyè jẹun. Èrò pọ̀ o! Ìgbà tí àwa ń pè ní ìsọjí ni Jésù ní kí wọ́n lọ sinmi.

Ẹ tún wo Èlíjà. Iná ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Kámẹ́lì, òjò ti rọ̀, iṣẹ́ ìyanu ti parí. Ní orí tó tẹ̀ lé e, ó wà nínú aginjù lábẹ́ igi, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ẹ̀mí òun. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ló wá ni, a mọ ohun tí a máa ṣe fún un. A máa ní ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì ló ń dà á láàmú, kó bá wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Áńgẹ́lì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá a níbi tó sùn sí, ó gbé àkàrà àti omi fún un. Èlíjà jẹun, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì ò pè é ní ọ̀lẹ. Ó tún jí i, ó ní kó tún jẹun. Oorun ẹ̀ẹ̀mejì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ló tó gbéra lọ sí Hórébù níbi tí Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀. Mélòó nínú àwọn tí a ti lé ẹ̀mí èṣù fún ló jẹ́ pé oorun ni wọn ò rí sùn? Ìbéèrè yìí ń bà wá lẹ́rù, a ò ní parọ́.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ńkọ́? Kọ́ríńtì Kìíní 7 ẹsẹ 5 ò fi bò. Kódà bí tọkọtaya bá fẹ́ yẹra fún ara wọn nítorí àdúrà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹnu kò, kó ní àsìkò, kí wọ́n sì padà sọ́dọ̀ ara wọn. Ìjọ wa ò béèrè ìfẹnukò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kàn kọ Ọjọ́ Ẹtì sára pátákó ni. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa, ìjà gidi ò sí nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn méjì tó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó pọ̀ láìsí ẹni tó ń kánjú ni. Ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kí ó tó parí, wọ́n ti dé géètì, wọ́n ti gbé ẹ̀rín ìjọ wọ̀.

Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ sún mọ́bí. Tọkọtaya á ti àìsùn dé láago márùn-ún, ọkọ á wọ yàrá lọ sùn, ìyàwó á wọ kíṣìnnì. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ń dúró dè é, ẹ̀wà ń dúró dè é. Àwọn méjèèjì ló jọ gbàdúrà, ẹnì kan ló sinmi. A ò dín àìsùn kù kí ẹ lè ráyè wo bọ́ọ̀lù dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ìsinmi yìí dé bá nínú ilé, a ó dá àìsùn yín padà, ẹ̀yin ọkùnrin nìkan ni ẹ ó sì máa wá.

Àwọn kan ní ìtọ́jú ara ẹni, àṣà òyìnbó ni, pé àwọn ìyá wa ò mọ̀ ọ́n. A ò gbà. Àwọn ìyá wa máa ń jókòó sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹnì kan lè dirun fún wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á tòògbé. Wọ́n á fi àdí pa ara. Àwọn bàbá wa ń ta ayò lábẹ́ igi bí oorun ọ̀sán bá mú. Kì í ṣe pé wọn ò níṣẹ́. Àwa tí a ní fóònù lọ́wọ́ la ò mọ bí a ṣe ń jókòó mọ́.

Ẹ má rò pé à ń sọ pé kí gbogbo nǹkan dọ́gba lójoojúmọ́. Kò ṣeé ṣe. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ò lè máa wá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọmọ ló ni gbogbo òru rẹ̀. Nígbà àpéjọ ọdọọdún, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni wá. Ohun tí à ń sọ ni pé dánfó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ń kọ kọ́nà; bó bá wá fì bẹ́ẹ̀ láti Berger títí dé Mowe, ẹrù ibẹ̀ ni kí wọ́n tún dì. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru tí ẹ sì ń bá wa gbàdúrà lórí Zoom ní òwúrọ̀ kí ẹ tó sùn, ọ̀rọ̀ yín wà níbí. Ẹ lọ sùn. Ẹ lè gbọ́ ìwàásù náà lẹ́yìn, kò ní sá lọ.

Ẹ̀rù ń bà wá náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan fi òru Ọjọ́ Ẹtì wo fíìmù mọ́jú. Ó ṣeé ṣe kí ọrẹ dín kù. Àwọn ará ìjọ méjì ti lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àìsùn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì súre fún wọn tọkàntọkàn. Bí a bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé a ṣìnà, a ó jáde wá sọ ọ́ síbí.

Ní báyìí, Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àìsùn, aago 10 sí aago 2. Ìdánrawò orin ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, wákàtí kan péré lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi ni. Nọ́ọ̀sì wa á máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì, ẹ mú ìwé kékeré dání kí ó lè kọ nọ́ńbà yín sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbé, ẹ̀yin opó, ẹ̀yin àpọ́n tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé yín, ẹ má rò pé a ti ti yín sóde: ìdílé mẹ́fà ti ní kí ẹ wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́bọ̀, ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀.

Àwa náà, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ilé la wà. Bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn tàbí tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, ẹ pe Màmá, wọ́n á gbé e. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó di Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ wa ti ra ọpọ́n ayò, ó sì ti lù wá lẹ́ẹ̀mẹta.