Agbẹ́jọ́ Ẹnìkan Dá

Ọmọ mi obìnrin ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó gbé Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, síwájú mi. Ó ti fi báírò pupa fa ìlà sídìí ibi tí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, ti dájọ́ ikú fún Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀ tó lóyún. Ó ní, "Dádì, òṣìkà ni obìnrin yìí o. Ohun tó tọ́ sí i ló rí."

N kò bá a jiyàn. Òwe ni mo fi dá a lóhùn: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Bí ìyàwó bá sunkún wọ ilé àgbà, bó ti wù kí ẹkún náà pọ̀ tó, àgbà tó gbọ́n á ní kí wọ́n lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Kì í ṣe pé ìyàwó ń purọ́. Ibi tó ń dun oníkálukú ló ń fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan, ẹlẹ́rìí kan ni.

Mo wá gbé ẹlẹ́rìí kejì fún un. Ìbàdàn ni Samuel Johnson ń gbé nígbà tí wọ́n pa Ẹfúnṣetán ní 1874. Ó parí The History of the Yorubas ní 1897, ìwé tó fọwọ́ kọ sọnù, òun náà kú, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò kó tó jáde ní 1921. Johnson kò bo ìkà Ìyálóde mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀, àti pé ibẹ̀ ni inú rẹ̀ ti bàjẹ́ sí àwọn ẹrú rẹ̀. Ikú rẹ̀ náà yàtọ̀: nínú eré, májèlé ló mu. Nínú ìtàn, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti pa á lóru, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ti rọ̀ ọ́ lóyè.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lánlé Awẹ́, nínú ìwé tó ṣe olótùú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà. Awẹ́ fi Ìyálóde hàn wá gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ńlá, ẹni tó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun, tí ogun àjàìsinmi Látòósà sì sú.

Ṣé irọ́ wá ni eré? Rárá o. Ìwé ìtàn kọ orúkọ Ààrẹ, kọ ti Ìyálóde, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ẹrú wọ̀nyẹn ló dárúkọ? Ìṣọ̀lá ló sọ ọ̀kan ní Adétutù, tó jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àròsọ ń fún ẹni tí àkọsílẹ̀ gbàgbé lẹ́nu, ìtàn kò sì jẹ́ kí àánú àti ìbínú wa ṣìnà. Ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dá Ìyálóde láre. Wọ́n kàn jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń dá lẹ́jọ́ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìwé, ẹ má kó irú kan ṣoṣo jọ. Bí ẹ bá ra ìwé àròsọ, ẹ wá ìwé ìtàn tó bá a mu tì í.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ṣí eré náà. Ìlà pupa ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti fi báírò kan náà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ta ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tí ọmọ tirẹ̀ kú?"