Ẹni Tó Ní Ká Má Wó Ilé, Kó Bá Wa Tún Gọ́tà Ṣe

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní kánsù kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kí n tó fẹ̀yìn tì. N kò ní dárúkọ ìlú náà, torí ẹbí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì ń gbé ibẹ̀. Ilé wíwò niṣẹ́ mi: ilé tí wọ́n ń kọ́ láìgba pláànù, ilé tó yọ imú sójú títì, ilé tó ti ń tẹ̀ tó fẹ́ wó pa èèyàn. Ọ̀dà pupa la fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti fi kọ X sára ògiri, onílé mọ̀ pé ọ̀ràn dé. Mo kọ ọ́ sára ilé púpọ̀, n kò sì kábàámọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tó ń dùn mí títí dòní, n kò kọ nǹkan kan sí i lára. Lẹ́tà ni mo mú lọ síbẹ̀.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, lójú ọ̀nà ààfin. Owó òwò kòkó ni bàbá tó kọ́ ọ fi kọ́ ọ, ṣáájú òmìnira. Òpó mẹ́rin ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè dúró, bíríkìlà sì fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sórí òpó kọ̀ọ̀kan, òdòdó kan kò jọ èkejì. Kìnnìún méjì jókòó lókè ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ Èkó yóò mọ ibi tí ọnà yẹn ti wá. Àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú ní Brazil padà sílé ló kó o bọ̀, àwọn àti ọmọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, òun àti Sanusi Aka. Lẹ́yìn wọn, ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, títí ọnà náà fi dé ọwọ́ bíríkìlà tí kò rí òkun rí, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀ṣà. Nígbàkígbà tí mo bá gbójú sókè wo òdòdó orí òpó yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ni mo ń rí, ẹni tí kò kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́tà tí mo mú lọ sọ pé ilé náà ti di ohun àjogúnbá ìlú. Ẹbí kò gbọdọ̀ wó o. Wọn kò gbọdọ̀ yí iwájú rẹ̀ padà. Wọn kò gbọdọ̀ ṣí òrùlé rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Mo kà á fún Ìyá Àgbà, àbígbẹ̀yìn ẹni tó kọ́ ilé náà, ní pálọ̀ òkè níbi tí wọ́n gbé bàsíà mẹ́ta sílẹ̀ de omi tó ń jò láti òkè. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi kà á tán. Wọ́n wá ní:

“Ọmọ mi, o ní ká má fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò wá bá wa fọwọ́ kàn án?”

N kò ní èsì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi fọwọ́ síwèé pé lẹ́tà ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n tẹ̀ka sí i, mo sì gun ọ̀kadà padà sí ọ́fíìsì.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin alága kánsù, ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ ìlú tó ń sọ pé ká má jẹ́ kí ilé àwọn baba wa run. Ọ̀rọ̀ yín ni èmi náà ń sọ. Mo fẹ́ kí òfin dáàbò bo àwọn ilé wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n òfin tó bá dé ẹnu ọ̀nà onílé lọ́wọ́ òfìfo, ilé yẹn gan-an ló wá pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ilé amọ̀ bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìyá Àgbà ṣe ń kú, torí mo ti rí i tó. Amọ̀ kì í bẹ̀rù ọjọ́ orí, omi ló ń bẹ̀rù. Ibi méjì lomi sì ń gbà wọlé sí i lára. Èkíní ni orí ògiri. Páànù á dípẹtà, ihò ìṣó á fẹ̀, òjò á máa kán sórí ògiri díẹ̀díẹ̀, ikán á tẹ̀ lé omi dé ìdí igi òrùlé. Èkejì ni ẹsẹ̀ ògiri, òun ló sì burú jù. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ àwọn ilé yẹn lóde. Bí omi bá ti ìsàlẹ̀ fà gun amọ̀, tí sìmẹ́ńtì sì dí i mọ́ inú, kò rọ́nà jáde. Ẹ óò wo ògiri lóde, yóò dán. Nínú, amọ̀ ti di ẹ̀kọ. Ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì náà bá bó lulẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé ilé ti ń ṣàìsàn láti ọdún mẹ́wàá.

Níbo lomi ẹsẹ̀ ògiri ti wá ní ọ̀nà ààfin? Láti ọ̀nà tí kánsù ṣe ni. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kó yangí dà sójú ọ̀nà yẹn, wọn kò sì fìgbà kankan hú èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ń ga, ilé ń rì. Ilé tí a ń gun àtẹ̀gùn mẹ́ta kí a tó wọ̀, a wá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Gọ́tà tó wà níwájú rẹ̀ ti kún fún yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá omi. Tí òjò bá rọ̀, àgbàrá gbogbo àdúgbò ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà ló ń forí lé. Kánsù tó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má wó ilé ni omi ọ̀nà rẹ̀ ń wó ilé náà. Èmi tí mo mú lẹ́tà lọ mọ èyí lọ́jọ́ náà, mo sì dákẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar ní Èkó kò gbọdọ̀ tán lọ́kàn wa. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ilé náà ní 1855, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tinubu Square. Alfred Omolana Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Kò sí àbò inú ìwé tó ju ìyẹn lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀ ọdún ń gorí ọdún, ilé ń gbó lójú gbogbo èèyàn, títí di September 2016 tí wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ìkéde yẹn fi wà lórí ìwé. Ìkéde kì í kan páànù.

Bẹ́ẹ̀ ìlú Èkó nìyẹn o, níbi tí akọ̀ròyìn pọ̀ sí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé lè pariwo. Ta ni yóò pariwo fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìyá Àgbà?

Àwọn alága kánsù máa ń dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ ohun ìrántí kì í ṣe tiwọn, ti Àbújá ni, ti ìpínlẹ̀ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé òfin 1999 fi ọ̀rọ̀ ohun ìrántí sáàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé kan náà dé Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ kánsù sí. Gọ́tà wà níbẹ̀. Ọ̀nà àdúgbò wà níbẹ̀. Dídá iye owó orí ilé wà níbẹ̀, lábẹ́ ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí ló ń pinnu bóyá ilé amọ̀ yóò dúró tàbí kò ní dúró, ọwọ́ kánsù ni wọ́n sì wà. Kánsù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Àbújá wá kó yẹ̀pẹ̀ inú gọ́tà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ìlú ń sọ pẹ̀lú. Wọ́n ní ilé amọ̀ lásán ni, ẹ wó o, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ nísàlẹ̀, kí ìlú lajú. N kì í fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé tó ń jò kò lè fi òdòdó orí òpó bora. Ìlú nílò ilé ìwòsàn, ó nílò ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà kọjá. Èmi gan-an kọ X sára ilé àtijọ́ kan nígbà kan, torí ọkọ̀ kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, aboyún ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ọmọlanke tì. A ya fọ́tò ilé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, a wọn yàrá rẹ̀ sórí ìwé, a yọ ilẹ̀kùn ọlọ́nà rẹ̀ fún ẹbí, a sì sanwó fún wọn kí a tó wó o. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, X náà ni màá kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà kan kẹ́kọ̀ọ́ oògùn òyìnbó ní yunifásítì. Ó fẹ́ ṣí kẹ́míìsì sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Ní ìlú wa nígbà yẹn, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ní láti wọ mọ́tò lọ sí ìlú kejì kó tó rí oògùn tó dáa rà. Ọmọbìnrin yìí kò fẹ́ fọwọ́ kan iwájú ilé rárá. Táìlì ló fẹ́ tẹ́ sílẹ̀, kó gbé fíríìjì oògùn sí i, kó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré sẹ́yìn ilé. Nínú èrè ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò ti máa ra páànù. Ó kọ̀wé béèrè àṣẹ. Ọ́fíìsì kan ní kó lọ sí èkejì, èkejì ní kó padà sí àkọ́kọ́. Oṣù 14 kọjá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn arúgbó ọ̀nà ààfin kò lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ìsàlẹ̀ ilé náà ṣófo títí dòní, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀.

Ẹ wò ó, ohun tí ìlú nílò àti ohun tí ilé nílò kò bára wọn jà níbí. Ohun kan náà ni. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba la dúró sáàárín wọn.

Ilé àtijọ́ tí mo rí tó dúró dáadáa, èèyàn ló ń lò ó. Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn ti wà lórí òkè láti 1929, ìgbéyàwó àti ìpàdé sì ń lọ nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tó wà ní Broad Street l'Ékòó di Freedom Park ní 2010, orin àti eré ló ń dún níbi tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Badagry, àlejò ń sanwó kí wọ́n tó wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní 1845, níbi tí Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì.

Tí wọ́n bá bi mí, màá ní kí kánsù má kọ lẹ́tà sí ogún ilé. Kó mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí agbára rẹ̀ ká. Kó pe gbogbo ẹbí jókòó kó tó kọ ohunkóhun, títí kan àwọn tó wà l'Ékòó àti London lórí fóònù, torí ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan, lẹ́tà tí a fún ẹnì kan kò sì de ẹnikẹ́ni. Iwájú ilé ni kí a sọ pé kí wọ́n má yí padà; ẹ̀yìn àti inú, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí ó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wọlé, kí wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ tó yẹ ọmọ èèyàn. Kí kánsù bá ìpínlẹ̀ sọ̀rọ̀ kí a dá owó orí ilé sí fún wọn níwọ̀n ìgbà tí iwájú bá ṣì pé. Kí ẹni tó bá béèrè àṣẹ gba èsì láàárín oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn bíríkìlà wa ńkọ́? Mo mọ bàbá kan ṣoṣo tó ṣì lè ya òdòdó orí òpó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Kò ní ọmọ iṣẹ́ kankan, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé iṣẹ́ náà fún un.

Ìyá Àgbà ti wọ káà ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sin wọ́n sí, lẹ́bàá bàbá wọn. Nígbà tí mo lọ kí àwọn ọmọ wọn, kìnnìún kan ti já bọ́ látòkè ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ bóyá òfin gba kí àwọn gbé e padà.

Mo mú tépù lọ síbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Gọ́tà iwájú ilé náà, láti orí òkè dé ibi tó ti bọ́ sí kọ́fáàtì, mítà 42 ni. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà, ṣọ́bìrì àti bárò, ọjọ́ mẹ́ta ló máa gbà kí wọ́n fi kó yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ tán. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí alága. Oṣù kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.