Ọjọ́ Tí Màmá Bá Wa Lọ Wo Avengers

  Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má torí pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ kí ẹ gbé ìwé yìí jù sórí tábìlì. Ẹ jókòó ti Mọ́mì, kí ẹ jọ kà á.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ nídìí ìkòkò ìrẹsì, ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun: kí ni mo ṣe tí ọmọkùnrin mi fi ń bá àwọn àgbà sọ Yorùbá báyìí? Ṣé kíláàsì Sátidé ni, àbí mo gba olùkọ́ sílé? Mo ní rárá o, sinimá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú wà nínú rẹ̀ fún mi.

Ọdún 2019 ni. Ìyá ọkọ mi wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú físà oṣù mẹ́fà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, lẹ̀ mọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní, nítorí ọmọdé kò nílò èdè púpọ̀ kó tó gun èèyàn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ọmọ ọdún 12 ni. Bí Màmá bá sọ̀rọ̀, ó gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn, tàbí kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Màmá a ní, "Ọkọ mi ti lọ nìyẹn." Oṣù márùn-ún lọ báyẹn. "Ẹ káàárọ̀", "ẹ ṣé", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n padà sílé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn gan-an ni fíìmù tó ti ń dúró dè bọ́ sí. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọmọkùnrin nílé, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ní 2008 ni iléeṣẹ́ Marvel gbé Iron Man jáde, ìtàn ọkùnrin olówó kan tó rọ ẹ̀wù irin fún ara rẹ̀. Fíìmù kan ń bí òmíràn, akọni kan ń fa òmíràn wọlé, títí Avengers: Endgame fi dé sinimá nílẹ̀ yìí ní Ọjọ́bọ̀ 25 Oṣù Kẹrin 2019. Ìkejìlélógún ni. Òun ni wọ́n pè ní àṣekágbá (wọ́n ti ṣe òmíràn rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn). Èmi náà ti bá wọn wo púpọ̀ nínú wọn, bí a bá lè pe oorun ní wíwò. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, àga sinimá sì rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lajú sílẹ̀ dáadáa, ìyẹn Captain America: Civil War ti 2016, nítorí wọ́n ní Èkó ni wọ́n ti jà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí Èkó níbẹ̀. Àṣé Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya apá yẹn!

Èyí tó ṣáájú àṣekágbá yìí, Infinity War ti 2018, parí sí ibi burúkú. Òmìrán aláwọ̀ elésè àlùkò kan tó ń jẹ́ Thanos ta ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì ohun abẹ̀mí gbogbo sì di eérú. Ọmọ mi fi odidi ọdún kan ronú lórí eérú yẹn.

A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Sátidé, 27 Oṣù Kẹrin. Bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò sì lè fi Màmá sílẹ̀ láwọn nìkan fún wákàtí mẹ́rin. Ni mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì kan sí i. Nígbà tí ọmọkùnrin mi gbọ́, ó bú jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì rọra sọ ọ́: kí ni Màmá ń bọ̀ wá ṣe, nígbà tí wọn kò ní gbọ́ nǹkan kan, tí wọn á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́?

Kò mọ̀ pé ẹni tó bá ti ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, tó ta á fún onírúurú ẹ̀yà, a máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Màmá ń wé gèlè lọ́wọ́ nínú pálọ̀. Ọwọ́ wọn dúró lórí gèlè. Wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n tú u, wọ́n ká a, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ máa lọ. N ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n."

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọmọ tí mo bí, níwájú ìyá ọkọ mi! Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Mo mú ọmọ wọ kíṣìnnì. Ohun tí mo sọ fún un níbẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mọ̀ ọ́n, orúnkún kan àti ọwọ́ kan. Màmá ní ó ti tán. Wọ́n tún gèlè wé, wọ́n bá wa lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tán.

Ní sinimá, ó lọ jókòó sí ìkangun lọ́hùn-ún. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà Màmá. A ra gúgúrú. Màmá ní, "Gúgúrú láìsí ẹ̀pà kẹ̀?" Ni wọ́n bá fa ẹ̀pà yíyan yọ nínú báàgì. Wọn kì í gbé oúnjẹ ìta wọ ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹjọ́ mi sùn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Iron Man, tí orúkọ rẹ̀ gangan ń jẹ́ Tony, há sínú ọkọ̀ tó bàjẹ́ lófuurufú, ebi ń pa á, òun àti obìnrin aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Màmá ní, "Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ ní ìkangun. Láìpẹ́, ẹranko onírun kan tó ń sọ̀rọ̀ yọjú. "Kí nìyẹn?" Mo ní, "Ajá ni, Màmá." Ìgbà tí mo tún wá sọ pé ọ̀kan nínú àwọn tó wọ ẹ̀wù ìjà yẹn ni bàbá ajá náà, ọmọkùnrin mi kò lè fara dà á mọ́. Ó dìde nínú òkùnkùn, ó tẹ èèyàn mẹ́ta lẹ́sẹ̀, ó ní kí n sún.

Mo sún.

Ó jókòó ti Màmá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: "Màmá, kì í ṣe ìyàwó. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé." Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá tó gùn tó yẹn lẹ́nu ọmọ náà rí. Mo wo iwájú bíi pé n kò gbọ́ nǹkan kan.

Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú kan ni fíìmù yẹn, òun ló sì túmọ̀ rẹ̀ dé òpin. Ó ń pe Màmá ní "o" dípò "ẹ", kò sẹ́ni tó bá a wí lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn akọni fẹ́ padà sẹ́yìn nínú àkókò láti lọ kó òkúta mẹ́fà tí Thanos fi pa ayé run, ó wá ọ̀rọ̀ títí. Ó ní, "Wọ́n ń padà sí àná." Màmá ní, "Ta ló ń padà sí àná?" Ó ní, "Àná tó jìnnà, Màmá." Nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé Thanos, ó ta ìka fún wọn. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú kíákíá, wọ́n ta ìka tiwọn yí orí rẹ̀ ká, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́. Ní tiwa, ibi là ń ta ìka lé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣe é ní kàyéfì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á yí orí àbúrò rẹ̀ náà ká.

Thor dé, ọlọ́run àrá ti àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Thursday. Màmá ní, "Ṣàngó wọn nìyí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ṣàngó tó yọkùn báyìí!" Ó ní, "Inú rẹ̀ bàjẹ́, Màmá. Ó ń mu ọtí." Thor padà sí ọdún 2013, sí ọjọ́ gan-an tí ìyá rẹ̀ máa kú, ìyá náà sì dá a mọ̀ pé ibi tó jìnnà ló ti wá. Màmá kò béèrè ìtumọ̀ èyí. Wọ́n kàn ń mi orí. Ọmọ mi wá fi kún un pé ẹni tó pa ìyá yẹn nínú Thor: The Dark World, Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Màmá yí ojú sí i. "Ọmọ Yorùbá ló pa ìyá Ṣàngó?" Ọkùnrin tó wà níwájú wa bojú wẹ̀yìn. Mo tọrọ gáfárà.

Nígbà tí ogun le, tí ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ilẹ̀kùn iná ṣí lójú òfuurufú, ẹni tó kọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde sì ni T'Challa àti àwọn obìnrin rẹ̀ méjì, ti Black Panther. Gbogbo sinimá hó. Ọmọ mi ní, "Ọba ni, Màmá! Ọba Wakanda!" Màmá na ọwọ́ sókè: "Káábíyèsí o!" Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn wa gbè é. (Nígbà tí Chadwick Boseman tó ṣe ọba náà kú ní 28 Oṣù Kẹjọ 2020, Màmá pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn kò béèrè ọmọ tiwọn. Ọmọ mi ni wọ́n béèrè, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọba rẹ̀ wàjà.)

Tony ló ta ìka ìkẹyìn, ìka náà ló sì pa á. Ìtumọ̀ dáwọ́ dúró. Mo wò wọ́n: ọmọ ọdún 12, ojú rẹ̀ kún fún omi, Màmá ń fi etí ìborùn nu ún, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó ti mọ̀ láti kékeré ló kú.

Wọ́n ṣe ìsìnkú létí omi. Màmá ní, "Wọn kò se oúnjẹ ni?" Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ọmọbìnrin Tony ní ebi ń pa òun. Màmá ní, "Ẹ̀n-ẹ̀n, ẹ wá nǹkan fún ọmọ." Ọmọ kékeré yẹn ló ti sọ fún bàbá rẹ̀ ṣáájú pé ìfẹ́ òun sí i tó 3,000. Ọmọ mi béèrè iye tí ìyẹn jẹ́ ní Yorùbá. Èmi ì bá ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí n sì máa lọ. Màmá ní, "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún." Ó pè é títí ó fi já gaara lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn èèyàn kò dìde, wọ́n ń dúró de èyí tí wọ́n máa ń fi sẹ́yìn orúkọ àwọn òṣèré. Kò sí. Ìró irin lásán ni a gbọ́, òòlù lórí irin, kán, kán, kán. Màmá ní, "Alágbẹ̀dẹ ni?" Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ihò àpáta, ní 2008, òun ló fi òòlù rọ ẹ̀wù náà. Màmá ní, "Bí ti bàbá mi."

Èmi tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn fún ọdún mẹ́rìnlá kò gbọ́ èyí rí. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ ọ́ fún un: bí bàbá wọn ṣe ń rọ irin, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń fẹ́ ẹwìrì ní kékeré tí èéfín ń ta wọ́n lójú, ẹmú, owú, omi tí wọ́n ń ti irin gbígbóná bọ̀. Ó ní, "Ṣé Iron Man ni wọ́n?" Màmá ní, "Ọkọ́ àti àdá ló ń rọ. Ẹ̀wù irin kọ́." Wọ́n ronú díẹ̀. "Àti ìbọn ọdẹ." Ojú ọmọ náà là rekete. Ìbéèrè kò tán lẹ́nu rẹ̀ títí a fi kọjá ibi tó yẹ kí a ti bọ́ọ́lẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́jọ tó kù, n kò rí i nínú yàrá rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kárùn-ún, a sin Màmá lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a kò lè bá wọn kọjá, ó dọ̀bálẹ̀, gbọọrọ, lórí ilẹ̀ tí gbogbo ayé ń tẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún." Màmá gbé e dìde. Wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́ kan, ọkọ mi," wọ́n sì wọlé lọ.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Mummy, eélòó ni ọ̀kẹ́?" Mo ní kó bi ẹni tó sọ ọ́. Màmá kò tíì gbé ẹrù wọn kalẹ̀ tán ní Ìkejà tí fóònù wọn fi dún.