Bí Ọmọ Wa Bá Fẹ́ Gba Dìgírì Méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkirè àti Àpòmù. Ìjọba dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà rẹ̀ sì wà ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti àṣà. Ọmọ tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ a máa wo Ifẹ̀tẹ̀dó, níbi tí yunifásítì kan náà ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin, a sì wí pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé n kò lè ṣe méjèèjì pọ̀ ni?”

Ẹ má ṣe fi ìbínú dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹ má sì ṣe torí ìwúrí sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni” kí ẹ tó jókòó wádìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ní ilẹ̀ wa, àwọn yunifásítì kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún dìgírì olójoojúmọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá yọ́ ọ ṣe lè pàdánù méjèèjì. Lóòótọ́, ní ọdún 2022, ìjọba India gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn láàyè láti ṣe é, ṣùgbọ́n òfin India kì í ṣe òfin wa. Àwọn àgbà sì ti wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí. Dìgírì kan wà tí ó so ìmọ̀ méjì pọ̀, bí irú èyí tí ọmọ fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú iṣẹ́ olùkọ́. Owó ilé-ìwé kan ni, ìwé-ẹ̀rí kan ni. Ọ̀nà kejì ni kí ó parí ọ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọ̀nà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà nìyẹn. Nílé níhìn-ín ni ó ti kàwé gba dìgírì ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, nígbà tí ó ti ní aya àti ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di lọ́yà ní ọdún 1946.

Ọ̀nà kẹta ni kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó sì máa kàwé láti ilé ní NOUN, tí ìjọba tún ṣí ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí yóò gba ìwé-ẹ̀rí náà. Fún ọdún púpọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà kò fi gba àwọn tí ó kọ́ òfin ní NOUN, títí ìjọba fi tún òfin yunifásítì náà ṣe ní ọdún 2017.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Olúwa wa ti kọ́ wa nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. Ọdún 4 ni fún Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1 fún àgùnbánirọ̀. Ẹni tí ó ti ní dìgírì a máa fi ọdún 4 kọ́ òfin dípò 5, lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, tí í tó ọdún 1. Ó di ọdún 10 láìka ìyanṣẹ́lódì. Ọmọ ọdún 18 yóò ti di ẹni ọdún 28.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé lọ́yà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ ní tòótọ́, tí ó sì ṣì wà ní ọdún kìn-ín-ní, ó sàn kí ó tún ìdánwò JAMB ṣe. Ọdún kan ni yóò pàdánù. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ìròyìn ni ó ń fẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń kọ́ tó o. Kí ó wá ibi tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ ní àkókò ìsinmi.

Èyí tí ó wúwo jù lọ́kàn wa ni ti àbúrò. Ìyá tí ń dín dòdò Ìkirè tà lè fi èrè rẹ̀ rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì. Bí èyí bá parí, tí àbúrò rẹ̀ sì ti yege JAMB, ta ni owó tọ́ sí? Èrò wa ni pé dìgírì kejì ẹ̀gbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ dìgírì kìn-ín-ní àbúrò. Kí ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́, kí ó fi owó ara rẹ̀ san èkejì. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, yóò ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ náà jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ bi í ní iṣẹ́ tí dìgírì kejì yóò fún un tí ti àkọ́kọ́ kò lè fún un. Ẹ pe àbúrò pẹ̀lú, kí ó sọ tirẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n. Ó di oṣù tí ń bọ̀.