Ẹ̀mí Gígùn Àwọn Àgbà Kò Tó Láti Pa Eré Wa Mọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwa fúnra wa, ó sì ti tó gẹ́ẹ́: "Ìran wa kì í tètè kú, kò sí ìkánjú." Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni a jókòó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Ifá láìpẹ́ yìí tí ọ̀rọ̀ náà tún jáde. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọlọ́jẹ̀ pọ́ńbélé, ń ka ọjọ́ orí àwọn ará ilé rẹ̀ bí ẹni ń ka owó: ìyá bàbá rẹ̀ lo ọdún 97, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó ń jó eégún aláré nígbà èwe ti lé ní 90, ó sì ń jẹ iyán rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bi í pé ta ni ó ti ya fídíò ijó bàbá náà, ẹ̀rín ni ó fi dá mi lóhùn. Ẹnì kejì wá gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé eré orí ìtàgé tí a bá ti fi kámẹ́rà ká sílẹ̀, òkú eré ni, àṣẹ ti jáde lára rẹ̀. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ dá lóhùn níhìn-ín, nítorí pé àwọn tí ó ń ronú bíi tiwọn pọ̀ láàrin wa.

N kò fojú kéré ẹ̀mí gígùn. Nínú gbogbo ire tí à ń tọrọ lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà, àìkú ni baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ogbó kì í ṣe akọ̀wé. Orúnkún a máa kọ ijó kí ọkàn tó kọ̀ ọ́, orúkọ a sì máa sá lórí ahọ́n. Ẹni tí ó mọ iwì ọgbọ̀n ìdílé nígbà tí ó wà ní 60 ọdún lè má rántí ju mẹ́ta lọ ní 90. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọdún 1963 ni Dúró Ládipọ̀ kọ́kọ́ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ọmọ 20 ọdún tí ó lùlù tàbí tí ó jó níbẹ̀ ti lé ní 80 báyìí, bí ó bá ṣì wà láàyè. Olórí eré náà fúnra rẹ̀ kò rí ogbó tí à ń fi yangàn yìí: ó lọ ní ọdún 1978, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sì ti ṣáájú rẹ̀ ní 1973. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó pé 60 ọdún. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ Ọba Kò So àti ti Làńkẹ́ Ọ̀mùtí sínú ìwé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè fi hàn wá bí iná ti ń jáde lẹ́nu Ládipọ̀ nígbà tí ó bá gbé Ṣàngó wọ̀. Charles Olúmọ, Àgbákò wa, rí ire méjèèjì gbà: ó lé ní 100 ọdún kí ó tó pa ipò dà ní 2024, àwọn fíìmù rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tí à ń wò. Ẹni mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa wọn?

Eégún aláré pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Iṣẹ́ ìdílé ni. Ìtàn ní láti ọ̀dọ̀ Ológbojò ní Ọ̀yọ́ Ilé ni bàbá ti ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ìdílé náà kò run, àwọn ọmọ ọlọ́jẹ̀ wà káàkiri títí di òní. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe lójú agbo ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ọjọ́ kan pàtó, ìwé ìrìnàjò Clapperton, òyìnbó tí ó wo eré náà lọ́dọ̀ Aláàfin ní ọdún 1826, ni à ń lọ ṣí. Òun ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé erè kan jáde, pé ẹlòmíràn jáde bí òyìnbó tí òtútù ń mú, tí ẹ̀rín sì gba agbo kan. Àlejò tí kò mọ ìdí eré, tí ó dà bí ẹni pé irú òun gan-an ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀, òun ni ó di akọ̀wé wa. Ìtìjú gbáà ni. Ó sì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú wa, nígbà tí fóònù wà lápò tọmọdé-tàgbà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni ó le jù, nítorí pé àwọn tí ń sọ ọ́ fẹ́ràn àṣà tọkàntọkàn. Wọ́n ní kámẹ́rà a máa tú awo. Awo wo? Ohun tí ó jẹ́ ti igbàlẹ̀ kò jáde sí agbo rí. Eré tí a ṣe fún tọkùnrin-tobìnrin, tí a gba owó lẹ́nu ọ̀nà lé lórí, kò ní awo tí fídíò lè tú. Mo gbà pé àwọn nǹkan wà tí a kò gbọdọ̀ ká sílẹ̀, èmi yóò sì wà lára àwọn tí yóò gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá gbé e wọ igbàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi èèwọ̀ igbàlẹ̀ bo ìmẹ́lẹ́ wa ní gbàgede. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó wo fídíò kò lè lẹ owó mọ́ oníjó níwájú orí, oníjó náà kò sì lè ki í. Àdánù ni. Kí á má rí nǹkankan wò rárá ńkọ́?

Ẹ wo ohun tí ó gba àyè náà. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Ayé láti orí ìtàgé lọ sínú fíìmù ní ọdún 1979, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ń gbèjà ìlú. N kò fẹ́ràn bí ó ti fi àwọn ìyá wa hàn níbẹ̀, n ó sì bá a jà ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọlúàbí ni Ifá wà. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò tí ó gbòde lẹ́yìn náà, ọ̀daràn ni wọ́n gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lé lọ́wọ́, oníwàásù ni yóò sì fi ariwo ṣẹ́gun rẹ̀ ní ìparí. Ọmọ tí a bí ní 1995 kò rí Ládipọ̀, kò rí Ògúnmọ́lá. Èyí ni ó rí, èyí ni ó sì fi ń dá wa lẹ́jọ́.

Owó ni ìdíwọ́ tòótọ́ tí a kì í fẹ́ dárúkọ. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Àwọn olè fídíò jí i tà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nítorí náà, bí àgbà kan bá béèrè ẹni tí yóò jẹ èrè kí ó tó jó, ó ní ẹ̀tọ́. Ìdílé rẹ̀ ni kí ó ni fídíò náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá wá ká a kí ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nínú ilé, kí ó fọwọ́ sí ìwé pé ilé náà ni ó ni í, kí ó sì san owó fún oníjó àti onílù bí ìgbà tí ó pè wọ́n sí òde.

Kí ọdún eégún tí ń bọ̀ tó wọlé, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa yan ilé ọlọ́jẹ̀ kan. Fóònù méjì tó. Kí ọ̀kan dúró síwájú, kí ó má sáré tẹ̀lé ojú oníjó, ẹsẹ̀ ni kí ó rí. Kí èkejì kọjú sí ìyá ìlù. Ẹ jẹ́ kí eré náà lọ láti ìjúbà dé òpin láìgé e. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó ti àgbà náà, kí ẹ jọ wò ó, kí ó máa dárúkọ ijó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa kọ ọ́. Bí ó bá dé ibì kan tí ó ní kò ṣeé sọ, ẹ pa fóònù.